Fúrà àti nọ́nò ìrọ̀lẹ́ ní Kubwa

Ìyá Fúlàní kan ní Kubwa, l'Ábújá, máa ń fi ahá bu nọ́nò, ìyẹn wàrà màlúù tó ti kan, lé fúrà, ìṣù jéró tó ti fọwọ́ fọ́, òórùn atalẹ̀ rẹ̀ á sì kọlu imú. Wàrà tútù tí kò tíì kan máa ń rú mi nínú, nítorí pé èròjà tó ń mú kí ṣúgà wàrà dà kì í pọ̀ mọ́ lára ọ̀pọ̀ àwa Yorùbá tí a bá ti dàgbà, ṣùgbọ́n ó ṣì wà lára ọ̀pọ̀ Fúlàní, tí ìran wọn ti ń da màlúù tipẹ́. Ọmọ rẹ̀ tó ti gbéyàwó ń gbé wàrà tútù yẹn mu gbùgbù, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Nọ́nò bá mi lára mu, torí kòkòrò tíntìntín tó mú un kan ti jẹ lára ṣúgà náà. Ṣúgà tí ìyá náà ń dà sí i ló pọ̀ jù. Ẹ tètè dá a lọ́wọ́ kọ́.