Àwọn tó bá wa wá ìtẹ́ òwìwí nínú igbó gẹdú ní Oregon: bí iṣẹ́ wọn ṣe rí

Ọdún méjì gbáko ni ilé-iṣẹ́ kékeré kan fi bá wa wá òwìwí nínú igbó gẹdú tí mo ń mójú tó ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Oregon, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti fi ìjábọ̀ ìkẹyìn lé mi lọ́wọ́. Mo ń kọ èyí fún ẹnikẹ́ni tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá kàn, nítorí owó kékeré kọ́ ni ènìyàn lè ná sórí ìwádìí tí kò wádìí nǹkan kan, ẹyẹ tí wọ́n sì fi ìwádìí bẹ́ẹ̀ rẹ́ jẹ kò ní ẹnu tí yóò fi rojọ́.

Ẹyẹ tí mò ń sọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní Northern Spotted Owl, òwìwí aláwọ̀ ilẹ̀ tí àmì funfun wà lára rẹ̀ tótòtó, tí ẹyinjú rẹ̀ sì dúdú. Láti ọdún 1990 ni ìjọba àpapọ̀ ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ewu ń wu. Ní ọdún 2020, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ẹja àti ẹranko ìgbẹ́ jẹ́wọ́ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti burú tó èyí tó yẹ kí a gbé e sí ìpele tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn iṣẹ́ mìíràn ló ṣáájú. Òwìwí yìí kì í kọ́ ìtẹ́ fúnra rẹ̀. Inú ihò igi ńlá tàbí orí igi tí ìjì ti ṣẹ́ ló sábà máa ń yé sí, igi tí kò bá sì tíì gbó dáadáa kì í ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá gé àwọn àgbà igi tán kò lè fi igi gbígbìn dá a padà ní ìgbà ayé rẹ̀.

Àwọn kan ti ṣe iṣẹ́ yìí fún wa ṣáájú. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n wá. Wọ́n dúró lójú ọ̀nà ọkọ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ ké bí òwìwí fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọn kò gbọ́ ìdáhùn, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àfonífojì tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ wa kò ní òwìwí kankan. Díẹ̀ ló kù kí n fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀. Ìlànà tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2012 sì ti là á sílẹ̀ pé ọdún méjì ni kí a fi wá ẹyẹ náà, kí a lọ lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́dọọdún. Ilé-iṣẹ́ kejì tẹ̀ lé ìlànà náà láìyọ ọjọ́ kan kúrò. Èmi gan-an bá wọn lọ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ohun tó mú kí n gbóríyìn fún wọn jù lọ ni ojú tí wọ́n fi wo ìdákẹ́jẹ́. Òwìwí mìíràn wà tó ń jẹ́ Barred Owl, tí n ó pè ní òwìwí abilà, tó ti ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà wá ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. Ó tóbi ju ti ìbílẹ̀ lọ, ó sì máa ń lé e kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀. Níbi tí abilà bá pọ̀ sí, òwìwí alámì tótòtó a máa pa ẹnu mọ́, nítorí pé bó bá ké, ọ̀tá yóò mọ ibi tó wà. Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí mo bá wọn jáde, igbe òwìwí ìbílẹ̀, tó máa ń dún lẹ́ẹ̀mẹrin léraléra, ni wọ́n fi pè, igbe abilà, tó máa ń dún lẹ́ẹ̀mẹjọ, ló dáhùn. Àwọn ti ìṣáájú ì bá ti di ẹrù wọn. Ńṣe ni àwọn wọ̀nyí so ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ mọ́ ara igi káàkiri àfonífojì náà, wọ́n fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n jẹ́ kí ètò kọ̀ǹpútà ṣa ohùn tó jọ ti òwìwí jáde, lẹ́yìn náà ni ènìyàn wá jókòó tẹ́tí sí ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni akọ kan ti ké nínú gbogbo alẹ́ wọ̀nyẹn, nísàlẹ̀ àfonífojì tí wọ́n ní kò ní nǹkan kan.

Ní òpin oṣù kẹrin ọdún kejì, a bá akọ náà lójú oorun lórí ẹ̀ka kan tí kò ga, ní ọ̀sán gangan. Obìnrin tó ṣáájú wọn mú eku funfun kan jáde láti inú àpótí, ó gbé e sórí ìtì igi tó wó lulẹ̀, ó sì fà sẹ́yìn. Òwìwí yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù ènìyàn. Ó la ojú, ó tẹ orí síwájú, ó sì já wálẹ̀ láìdún rárá, tó fi jẹ́ pé ìgbà tí eku ti wà ní èékánná rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé ó ti kúrò lórí ẹ̀ka. Ibi tó bá gbé eku náà gbà ni ẹjọ́ wà. Èyí tí kò ní ìtẹ́ yóò jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀ tàbí kó tọ́jú rẹ̀ pamọ́, èyí tí abo rẹ̀ wà lórí ẹyin yóò gbé e lọ bá a. Tiwa dorí kọ òkè odò. A sáré tẹ̀ lé e, a ń gun ìtì igi, à ń sọ kalẹ̀, títí a fi rí i tó ń fi eku náà lé abo lẹ́nu ní ẹ̀gbẹ́ igi Douglas-fir ńlá kan tí orí rẹ̀ ti ṣẹ́. Abo gbà á, ó sì wọ inú orí igi náà lọ. A dúró títí, kò jáde mọ́. Inú mi dùn, ara mi sì tún gbọ̀n, nítorí pé igi náà wà lára èyí tí à bá ti gé.

Ètò ìtọ́jú igbó tí wọ́n kọ tẹ̀ lé e kún fún ọgbọ́n. Òfin igbó ìpínlẹ̀ Oregon ní kí a fi éékà 70 igbó tó yẹ òwìwí sílẹ̀ níbi ìtẹ́. Wọn kò kàn fa òbìrí kan sórí máàpù. Wọ́n tọ odò náà lọ, wọ́n kó àwọn àgbà igi mọ́ ọn, wọ́n sì yọ apá tó jẹ́ kìkì ọ̀dọ́ igi kúrò. Wọ́n ṣàlàyé ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ kó ìtì igi tó wó lulẹ̀: ọ̀rinrin inú rẹ̀ ń ran olú tó ń hù lábẹ́ ilẹ̀ lọ́wọ́, olú yìí ni ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń fò láti igi dé igi ń wú jẹ lóru, ọ̀kẹ́rẹ́ náà sì ni oúnjẹ pàtàkì òwìwí yìí ní ibi púpọ̀. Wọ́n gbà wá nímọ̀ràn pé kí a dín ọ̀dọ́ igi kù ní apá tó jìnnà sí ìtẹ́, kí àwọn tó bá kù lè tètè tóbi, ṣùgbọ́n kí a má ṣe é nítòsí ìtẹ́, nítorí iye ọ̀kẹ́rẹ́ náà máa ń dín kù fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ wọn ní àléébù. Ìjábọ̀ ọdún kìíní pẹ́ kó tó dé, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìgbà tí mo gbọ́dọ̀ fún àwọn agégẹdú lésì. Èdè inú rẹ̀ le jù fún àwọn tó máa ń di ẹ̀rọ ìgégi mú, a sì ní láti tún ojú ìwé mẹ́ta kọ kí olórí wọn tó mọ ibi tí ààlà wà. Ní ti òwìwí abilà, gbólóhùn kan péré ni wọ́n kọ. Mo mọ̀ pé kò sí lọ́wọ́ wọn, torí ìjọba àpapọ̀ ló ń bójú tó o, òun ló sì fọwọ́ sí ètò kan ní oṣù kẹjọ ọdún 2024 láti pa abilà tó lè tó 450,000 láàárín ọgbọ̀n ọdún. Síbẹ̀, onígbó tó ti fi éékà 70 sílẹ̀ yẹ kó gbọ́ ní kedere pé abilà ṣì lè gba igi náà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

N ó tún pè wọ́n. A ti ta okùn aláwọ̀ ọsàn yí éékà náà ká báyìí, kò sì sí ẹ̀rọ ìgégi tí yóò dún nítòsí rẹ̀ títí àwọn ọmọ yóò fi fò.