Káàdì alàwòrán fún Gẹ̀ẹ́sì ìgbà òtútù: ó dáa, àmọ́ ó ku díẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí Minnesota, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ra káàdì yìí jàre. Fọ́tò gidi ni wọ́n lò, kì í ṣe àwòrán ọmọ jéléósinmi, torí náà àwọn ìyá àti bàbá tó wà ní kíláàsì wa ò rò pé à ń fojú ọmọdé wo àwọn. Ohun tí mo fẹ́ràn jù ni pé gbólóhùn ló wà lẹ́yìn ẹ̀, "go skating" (fífi bàtà onírin yọ̀ lórí yìnyín), "go sledding" (jíjókòó sórí pákó yọ̀ wálẹ̀ lórí yìnyín), àmọ́ "play hockey" (eré tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá lórí yìnyín) àti "build a snowman" (fífi yìnyín mọ ère èèyàn), ibẹ̀ gan-an ló sì ń da àwọn èèyàn láàmú, ẹni tó bá ti mọ "go skating" á ní "go hockey" náà ni, ṣé ẹ rí i, torí náà mo máa ń da gbogbo ẹ̀ sórí tébù kí wọ́n fúnra wọn ṣà á sábẹ́ go, play àti build, kí kálukú wá sọ èyí tó wù ú ṣe.

Ibi tó ti kù: kò sí "ice fishing"! Ní Minnesota tí adágún odò ibẹ̀ ju 10,000 lọ, táwọn èèyàn ń dá ihò sí yìnyín láti pẹja! Kò sí "thin ice" (yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́) náà, bẹ́ẹ̀ ìjọba ibẹ̀ ní kéèyàn má rìn lórí yìnyín tí ò bá nípọn tó íǹṣì 4. Èmi fọwọ́ ara mi ṣe méjèèjì kún un. Ìràwọ̀ 4 nínú 5.