Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó ń ra gìtá àtijọ́: ẹ má sanwó láìjẹ́ pé wọ́n ṣí i lójú yín

Ẹ̀yin ará, ojú ń tì mí láti kọ èyí, torí èmi náà wà lára àwọn tó máa ń kìlọ̀ fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó rẹ́ mi jẹ ṣì ń tajà, ẹnu rẹ̀ sì dùn débi pé ẹni tó mọ gìtá dunjú pàápàá lè gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ mì.

Stratocaster ọdún 1963, gìtá oníná tí Fender ń ṣe, ló tà fún mi. Ó ní Lake Placid Blue, irú búlúù kan, ni wọ́n kùn ún ní ilé-iṣẹ́ Fender, àti pé ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan ọ̀dà rẹ̀ láti ìgbà náà. Sunburst, àwọ̀ tó pọ́n rúsúrúsú láàárín tó sì dúdú létí, ló pọ̀ jù nínú Stratocaster ayé ìgbà yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ àkànṣe a fi ìdá 5 nínú 100 lé owó rẹ̀, wọn a sì fi ọ̀dà mọ́tò ti ilé-iṣẹ́ DuPont kùn ún fún un. Ara Cadillac ni Lake Placid Blue ti wá, Fiesta Red wá láti ara Ford Thunderbird. Àwọn tó san àfikún yẹn ò pọ̀, ìdí nìyẹn tí irú gìtá bẹ́ẹ̀ fi wọ́n gan-an lónìí. Ibẹ̀ náà ni gbájú-ẹ̀ ti rí ọ̀nà wọlé: wọn a wá sunburst tó ti bó jágajàga, wọn a kùn ún ní búlúù, wọn a wá fi yanrìn ha á létí kó lè dà bí arúgbó.

Nígbà tí mo rí gìtá náà, kò tilẹ̀ jọ búlúù. Ó fẹ́ jọ ewé. Mo bi í pé báwo ló ṣe jẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ̀rí pé ojúlówó ni nìyẹn.” Ó ní Fender a máa fi fánííṣì aláìláwọ̀ bo búlúù náà, pé fánííṣì yìí máa ń pọ́n rúsúrúsú bó bá ti ń gbó, àti pé bí rúsúrúsú bá bo búlúù, ewé lojú máa rí. Ẹ gbọ́ o, òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ yìí. Olympic White tí oòrùn ti jẹ lára máa ń dà bí bọ́tà. Mo ti rí Sonic Blue tí wọ́n ń pè ní Surf Green nítorí ọ̀rọ̀ fánííṣì yìí kan náà. Òótọ́ ni ọkùnrin yẹn fi ń ta irọ́, mi ò sì tíì rí ọjà tó yá bẹ́ẹ̀ rí.

Ìbéèrè kan péré ni mi ò dúró lé lórí: àwọ̀ wo ló wà lábẹ́ pickguard, ike pẹlẹbẹ tó bo iwájú gìtá? Oòrùn kì í dé abẹ́ rẹ̀. Bí ìta bá ti di ewé, abẹ́ ike yẹ kó ṣì máa dán ní búlúù, kí ààlà sì hàn níbi tí ike náà ti parí. Nígbà tí mo ní kí a ṣí i, ó ní lílẹ̀ wáyà inú rẹ̀ máa bà jẹ́, pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti 1963. Mo gbà fún un. Ìwà òmùgọ̀ pátápátá ni. Skúrù 11 ló di ike yẹn mú. Ẹ tú okùn, ẹ tú skúrù, ẹ gbé ike náà dojú dé tòun ti pickup mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn ohun tó ń gbé ohùn okùn lára rẹ̀. Ẹ ò ní gé wáyà kankan.

Ilé ni mo ti wá ṣí i, lẹ́yìn tí owó ti lọ. Ewé náà ló wà lábẹ́ ike, bákan náà pẹ̀lú ti ìta, kò sí ààlà kankan. Ó ti po àwọ̀ rúsúrúsú mọ́ fánííṣì kó tó fọ́n ọn. Mo yẹ ihò skúrù wò, ọ̀dà ti ṣàn wọ inú wọn. Lẹ́yìn tí ọ̀dà bá ti gbẹ ni Fender ń lu ihò wọ̀nyẹn, nítorí náà igi lásán ló yẹ kó wà níbẹ̀. Mo wá ihò ìṣó. Títí di nǹkan bí 1964, ìṣó kéékèèké ni wọ́n ń kàn mọ́ iwájú gìtá kí wọ́n lè dojú rẹ̀ délẹ̀ kó gbẹ láìfara kan nǹkan. Bí wọ́n bá fa ìṣó náà yọ, igi funfun ló ń kù nínú ihò. Méjì ni mo rí. Búlúù kún inú méjèèjì dé ìsàlẹ̀.

Mo pè é. Kò mì rárá. Mo ní mo rí rúsúrúsú sunburst níbi skúrù tí wọ́n ń fi okùn èjìká kọ́. Ó ní Fender máa ń kùn búlúù lé sunburst lórí nígbà míràn. Òótọ́ tún ni! Ọ̀rọ̀ yìí ló fẹ́ dá mi lọ́rùn.

Ẹ̀yìn gìtá ló gbà mí sílẹ̀. Irin bẹ́líìtì ẹni tó lò ó nígbà kan ti ha á yánnayànna. Mo gbé e lọ sẹ́nu fèrèsé, mo fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Nínú kòtò ibi tó ha wọ̀nyẹn, búlúù tẹ́ sí ìsàlẹ̀ láìdá, ó ń dán bí omi inú ipa ẹsẹ̀. Ìyẹn ni pé igi ti gbọgbẹ́ kí búlúù tó dé. Mo bi í pé ta ló de bẹ́líìtì nínú ilé-iṣẹ́ Fender tó ń ta gìtá náà kí wọ́n tó kùn ún. Ó pa fóònù. Láti ìgbà yẹn nọ́ńbà mi ò wọlé sí i mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ó fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ gìtá tàn yín. Ara àwo irin tó wà lẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti de ọrùn mọ́ ara, ni nọ́ńbà yẹn wà, skúrù mẹ́rin péré ló sì mú un, ẹ lè tú u sára gìtá mìíràn. Kò sì sọ ọ̀rọ̀ àwọ̀. Ìwé ẹ̀rí tó máa fún yín, òun fúnra rẹ̀ ló buwọ́ lù ú. Iná UV wúlò, torí fánííṣì àtijọ́ máa ń tàn bí ewé lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí tuntun máa ń dúdú, ṣùgbọ́n mi ò ní fi ìyẹn nìkan ra nǹkan.

Ní báyìí, ó ti gbé òmíràn jáde, Fiesta Red ni lọ́tẹ̀ yìí, ó ní ó ti “ṣí díẹ̀”, ìyẹn ni pé àwọ̀ rẹ̀ ti ń parẹ́. Mo lo orúkọ mìíràn, mo ní kó ya abẹ́ ike fún mi nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kó gbé ìwé funfun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fi okùn tuntun sí i ni, òun ò sì fẹ́ tú u.