Síléètì Abẹ́ Omi: Ibi Tí Owó Mi Lọ, àti Èyí Tí Mo Fọwọ́ Sí

Stoney Cove ni mo ti kọ́ ọ pé amòòkùn nílò síléètì tó lè fi kọ̀wé lábẹ́ omi, ihò ìfọ́kúta àtijọ́ kan tí omi ti kún ní agbègbè Leicestershire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn amòòkùn máa ń lọ láti fi ara wọn dánrawò. Ẹni tí a jọ wọ omi lọ́jọ́ náà fọwọ́ bi mí bóyá ara mi le, èmi náà sì na àtàǹpàkò sókè gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nílé láti fi hàn pé kò séwu. Ẹ̀bi mi ni, nítorí pé lábẹ́ omi, àtàǹpàkò tó nà sókè túmọ̀ sí pé kí a máa gòkè lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lóòótọ́, tí èmi sì ń lé e lẹ́yìn láìlè pariwo. Ohun tí à ń fi mí wà láàárín eyín wa, a kò lè sọ̀rọ̀. Bí a bá sì kan àgbá afẹ́fẹ́ gbàgbà, ẹnìkejì yóò gbọ́ ọ ṣùgbọ́n kò ní mọ ibi tó ti wá, nítorí pé ìró ń sáré tó mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú omi, èyí tó ju ìlọ́po mẹ́rin ìyára rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ lọ. Ìwé kíkọ ló kù.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà ni síléètì ike funfun, tó fẹ̀ tó ojú ewé ìwé àwọn ọmọ iléèwé, tí wọ́n so pẹ́ńsù onígi mọ́ ní okùn. Pọ́n-ùn 9 ni mo san. N kò rí ẹ̀sùn kankan fi kan ike náà, pẹ́ńsù àti okùn rẹ̀ ni wàhálà. Okùn náà gùn tó apá mi, igi sì máa ń léfòó, nítorí náà gbogbo ìgbà tí mo bá wá pẹ́ńsù náà kiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi àti nísàlẹ̀, òkè orí mi ló wà tó ń mì lẹ́gẹlẹ̀gẹ. Mo wá dà bí ẹni tó pọn ọmọ sẹ́yìn tó tún ń wá ọmọ náà káàkiri. Kò pé oṣù méjì tí omi fi tú àtè inú igi náà, tí pẹ́ńsù là sí méjì gbọọrọ, tí lẹ́ẹ̀dì inú rẹ̀ sì jábọ́ sínú ẹrẹ̀. Ilé ìtajà tí mo ti rà á sọ pé pẹ́ńsù kò sí lára ohun tí àwọn ń pààrọ̀.

Síbẹ̀, pẹ́ńsù náà ló tọ̀nà. Íńkì báírò kì í di ike tó tutù mú, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀dì kò nílò kí ohunkóhun gbẹ, ìfirin lásán ló fi ń kọ̀wé. Mo ra oríṣi 2B tó rọ̀ díẹ̀, mo gé e kúrú bí ìka àárín, mo fi téèpù àwọn oníná wé e títí dé ìdí ẹnu rẹ̀, mo sì so ó mọ́ okùn rọ́bà tí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Láti ìgbà náà, kò tíì dà mí láàmú. Bí síléètì yín bá ń dán jù tí lẹ́ẹ̀dì fi ń yọ̀ lójú rẹ̀, ẹ fi sáńpépà fífẹ́lẹ́ rá a díẹ̀. Tí ẹ bá délé, ọṣẹ ìfọyín àti kànìnkànìn yóò bó gbogbo ohun tí ẹ kọ kúrò.

Mo dán síléètì onírin òòfà kan wò, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, tí ènìyàn kàn ń fa ọ̀pá kan láti pa ohun tó kọ rẹ́. Ó wuni, ó sì yá kánkán, ṣùgbọ́n ìlà rẹ̀ nípọn débi pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ti kún ojú rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé nígbà tí mo gbé e sún mọ́ kọ́ńpáàsì ọwọ́ mi, abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì náà yí tẹ̀lé òòfà, ó sì kúrò ní àríwá. Fún ẹni tí kò rí ju mítà márùn-ún lọ níwájú, àṣìṣe bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àmúṣeré. Mo fi fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi.

Ìwé kékeré tí omi kì í bà jẹ́ dára fún olùkọ́ àti fún ẹni tó ń ka ẹja, torí pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kì í parẹ́. Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ nínípọn kò lè ṣí ojú ewé rẹ̀.

Èyí tí mo fọwọ́ sí ni síléètì alápá, èyí tó ní ewé mẹ́ta, tó tẹ̀ bí ẹ̀gbà ọwọ́, tí rọ́bà dì mọ́ apá òsì. Ọwọ́ méjèèjì ṣófo, kò sí ohun tó ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni, pẹ́ńsù sì wọ inú àkọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àyè rẹ̀ kéré, òótọ́ ni, èyí sì ń ni àwa tí à ń kọ Yorùbá lára, nítorí kò sí ẹni tó ń fi ìbọ̀wọ́ kọ àmì orí àti àmì abẹ́ lẹ́tà. Nígbà tí mo kọ “oko” fún ẹnìkejì mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Stanegarth, ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rì síbẹ̀ ní ọdún 2000, ó wò mí títí bí ẹni pé mo fẹ́ lọ roko. Nítorí náà mo fi abẹ́rẹ́ gbígbóná fín ọ̀rọ̀ mélòó kan sí ewé kẹta nílé, pẹ̀lú gbogbo àmì wọn: òtútù ń mú mi, afẹ́fẹ́ mi ku ìdajì, jẹ́ ká padà, ọkọ̀. Mo kàn ń nàka sí wọn ni.