Ìkànnì tó pe ọmú igi ní ìhòhò

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún ìkànnì tí mo ń gbé àwòrán mi sí yìí. Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Àwọn ọlọ́jọ́ ìgbéyàwó ń rí mi níbẹ̀ láti Àjàṣẹ́ títí dé Kútọnu, n kò sì san fáráǹ kan. Ìyẹn ló gba ìràwọ̀ méjèèjì.

Ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ló bà á jẹ́. Mo gbé àwòrán oníjó kan sí i, ọmú igi ń bẹ láyà rẹ̀, wọ́n fi aṣọ wé ìdí rẹ̀ kó lè tóbi. Kò pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọ́. Wọ́n kọ̀wé sí mi lédè Faransé pé ìhòhò obìnrin ni. Ọkùnrin ni oníjó! Igi ni ọmú, ọ̀dà ni wọ́n fi kùn ún.

Òfin wọn ni pé orí ọmú ọkùnrin kò léèwọ̀, ti obìnrin ló léèwọ̀. Ẹ̀rọ ló wá ń pinnu ta ni obìnrin. Àwòrán rẹpẹtẹ tí èèyàn ti sàmì sí ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ohun tó bá ti jọ èyí tó rí rí, ó dájọ́ rẹ̀. Kò lè mọ ẹni tó wà lábẹ́ agọ̀. Ojú tí kò sí nǹkan tó bò ó pàápàá, ó ń ṣì í mọ̀: ní 2018, àwọn olùwádìí kọ̀ǹpútà méjì, Joy Buolamwini àti Timnit Gebru, dán ẹ̀rọ iléeṣẹ́ mẹ́ta tó ń wo ojú láti sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin wò, àṣìṣe lórí obìnrin aláwọ̀ dúdú dé 34.7%, ti ọkùnrin aláwọ̀ funfun kò ju 0.8% lọ. Lọ́dún yẹn kan náà, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Vienna pariwo pé Facebook yọ àwòrán Venus of Willendorf, ère òkúta àtijọ́ tó jẹ́ obìnrin oníhòhò.

Àwọn ìyá wa la ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ̀. Ọmú tó wò wá dàgbà ni agbẹ́gilére gbẹ́ yẹn, UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́ àti àṣà, sì ti bu ọlá fún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti 2001. Bàbá tó gbẹ́ ẹ bi mí pé, “Ọmọ mi, kí ló burú nínú iṣẹ́ mi?” Ó dùn mí dé ọkàn.

Ibi tí wọ́n ní ká tẹ̀ láti pẹjọ́ wà, mo tẹ̀ ẹ́, èsì kan náà ló padà wá. Èèyàn tó gbọ́ èdè wa ló yẹ kó máa gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ayafọ́tò, fún ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ, ẹ lò ó. Ti Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ẹ tọ́jú rẹ̀ sórí dísìkì, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fún ẹgbẹ́ tó ni eré.