Ilé Ìrànlọ́wọ́ Ìwáṣẹ́ fún Àwọn Àkàndá Ẹ̀dá ní Ìkòròdú: Ẹ̀kọ́ Wọn Dára, Iṣẹ́ Ló Kù

Ilé ìrànlọ́wọ́ kan wà ní Ìkòròdú tó ń kọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá níṣẹ́, tó sì ń ṣèlérí láti bá wọn wáṣẹ́: adití, afọ́jú, arọ àti àwọn tí ọpọlọ wọn kì í tètè gba ẹ̀kọ́. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin, tí àrùn yírunyírun ti gba etí rẹ̀ láti kékeré, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn títí ó fi gba ìwé ẹ̀rí, èmi ni mo sì máa ń sìn ín lọ. N kò ní dárúkọ ilé náà, nítorí pé ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ kì í ṣe tiwọn nìkan. Bí a ṣe ṣètò irú ìrànlọ́wọ́ yìí káàkiri ló fà á. Ìdájọ́ mi ni pé ẹni tó bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ yóò rí ẹ̀kọ́ gidi kọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá iṣẹ́ tí yóò máa gba owó oṣù nídìí rẹ̀ yóò gba ìwé ẹ̀rí, yóò sì padà sílé láìrí iṣẹ́.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó dára, nítorí pé ó pọ̀. Ilé pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí kò ní àtẹ̀gùn ni wọ́n ń lò. Wọ́n fi kọnkéré ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn kí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń gbé e, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn sì fẹ̀ débi pé ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ lè yí padà nínú rẹ̀. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Òfin àpapọ̀ tó ka dídẹ́yẹ sí àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Kìíní ọdún 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún 5 láti fi ṣe irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún 5 náà ti pé láti oṣù Kìíní ọdún 2024, síbẹ̀ báńkì àti ọ́fíìsì ṣì wà ní ìlú yìí tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń pọn arọ wọ̀ ọ́.

Bí wọ́n ṣe ń gbàlejò tún wú mi lórí. Obìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yíjú sí àbúrò mi, ó fi èdè adití kí i, ó bi í ní ohun tó bá wá, lẹ́yìn náà ló tó kí èmi. Ní ilẹ̀ wa, níbi tí a ti ń kí ẹ̀gbọ́n kí a tó kí àbúrò, ẹlòmíràn lè ka èyí sí àrífín. Ọ̀wọ̀ ni èmi kà á sí, nítorí pé àbúrò mi ló ń wáṣẹ́, ó sì ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń bá mi sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lójú rẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Yàrá kọ̀ǹpútà wọn ni mo fẹ́ràn jù. Olùkọ́ ibẹ̀ fúnra rẹ̀ kò ríran. NVDA ló ń kọ́ wọn, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ohun tó bá wà lójú ẹ̀rọ sí afọ́jú létí. Michael Curran, afọ́jú ará Ọsirélíà, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2006, James Teh tí òun náà kò ríran sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi í sílẹ̀ fún gbogbo ayé, nígbà tó jẹ́ pé owó gọbọi ni wọ́n ń ta JAWS tí ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà. Nítorí náà, iléeṣẹ́ tó bá gba ẹni tó mọ NVDA sí iṣẹ́ kò ní ná kọ́bọ̀ lé e. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan níbẹ̀ tó fi etí nìkan ka lẹ́tà, tó tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde láìké sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá rí i yóò mọ̀ pé ó lè ṣe iṣẹ́ akọ̀wé. Ọ́fíìsì tí yóò ti ṣe é ni kò sí, ibẹ̀ gan-an sì ni akitiyan ilé náà ti dáwọ́ dúró.

Yàtọ̀ sí kọ̀ǹpútà, aṣọ rírán, bàtà ṣíṣe, ọṣẹ ṣíṣe àti irun dídì ni wọ́n ń kọ́ni. Bí ara oníkálukú bá ṣe rí ni wọ́n fi ń pín wọn: adití lọ sídìí aṣọ, arọ lọ sídìí bàtà, afọ́jú lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Kò sí ẹni tó béèrè lọ́wọ́ àbúrò mi ohun tó wù ú. Láti kékeré ló ti máa ń tú fáànù àti jẹnẹrétọ̀ palẹ̀ tí yóò sì tún wọn tò. Ṣùgbọ́n nítorí pé adití ni, ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀. Ó kọ́ ọ yanjú, nítorí pé ó ní sùúrù. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n ṣe ayẹyẹ, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí àti ẹ̀rọ ìránṣọ kan, wọ́n ya fọ́tò. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó pè láti mọ̀ bóyá ó ríṣẹ́ tàbí kò rí. Télọ̀ pọ̀ ní àdúgbò wa, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó ní ọ̀rọ̀ ẹnu nínú púpọ̀ ni iṣẹ́ télọ̀: oníbàárà fẹ́ ṣàlàyé irú sítàì tó ń fẹ́, ó fẹ́ dúnàádúrà, ó fẹ́ pè láti mọ̀ bóyá aṣọ òun ti ṣe. Wọn kò kọ́ ọ bí adití ṣe lè ṣe èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ kò sì ṣòro. Ìwé tí àwòrán sítàì wà nínú rẹ̀ àti WhatsApp nìkan ì bá ti yanjú púpọ̀ nínú rẹ̀.

Ìkòròdú kì í ṣe ìlú tí kò ní ibi iṣẹ́. Iléeṣẹ́ ńláńlá wà ní Odogunyan, iléeṣẹ́ ìrẹsì Ìmọ́tà tí Ààrẹ Buhari ṣí ní oṣù Kìíní ọdún 2023 wà níbẹ̀ yẹn, ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wà láàrin ìlú. Mo bi ọ̀gá kan tó ń bójú tó àwọn òṣìṣẹ́ ní ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ Odogunyan léèrè ìdí tí wọn kì í fi í gba adití. Kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi. Ó ní fọ́kílíìtì tí wọ́n fi ń gbẹ́rù ń lọ ń bọ̀ nínú iléeṣẹ́ wọn, pé bí ó bá fọn fèrè lẹ́yìn ẹni tí kò gbọ́ràn, ó lè gbá a, òun ni wọn yóò sì dá lẹ́bi. Ìbẹ̀rù tó nídìí nìyẹn, kò yẹ kí a fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ojútùú: iná tó ń ṣẹ́jú lára ọkọ̀ náà àti lára ògiri níbi tí aago pàjáwìrì bá wà, ọ̀dà tí a fi la ilẹ̀ kí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lè yàtọ̀ sí ọ̀nà ọkọ̀, àti ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti adití náà tan, tí yóò máa fọwọ́ kàn án bí aago bá dún. Nígbà tí mo sọ èyí fún un, ó ní òun kò rò ó kàn bẹ́ẹ̀ rí, àti pé kò sí ẹnikẹ́ni láti irú ilé ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ tó wá bá òun jókòó sọ̀rọ̀ rí. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gbéni láti ilé náà dé ẹnu géètì rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n yí padà nìyí: kí iṣẹ́ ṣáájú ẹ̀kọ́. Ní ìpínlẹ̀ New Hampshire ní Amẹ́ríkà, Deborah Becker àti Robert Drake gbé irú ètò bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún àwọn tí àrùn ọpọlọ líle ń bá jà. Bí ẹni náà bá ti lè sọ pé òun fẹ́ ṣiṣẹ́, wọn kì í kó o lọ jókòó sí kíláàsì fún oṣù gbọọrọ. Wọ́n á bá a wá iṣẹ́ gidi tó ń mówó wọlé, irú èyí tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́, olùrànlọ́wọ́ á sì máa bá a lọ síbi iṣẹ́ náà fún ìgbà tó bá ṣì nílò rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n ti ṣe ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ fi hàn pé àwọn tó ń ríṣẹ́ lọ́nà yìí pọ̀ ju àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ ẹ̀kọ́ lọ. Kò sì yẹ kí ó ṣàjèjì sí wa, nítorí pé bí ọmọ iṣẹ́ ṣe ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá nìyẹn. Àbúrò mi ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní àdúgbò Agric ní Ìkòròdú báyìí. Ìbátan wa kan ló bá wa bẹ̀ ẹ́. Ọ̀gá náà kò mọ èdè adití. Ó ń nawọ́ sí nǹkan, ó ń kọ̀wé sórí fóònù, àbúrò mi sì ń fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì láti mọ̀ bóyá ó ń gbọ̀n bó ṣe yẹ. Bí ẹnì kan láti ilé ìrànlọ́wọ́ yẹn bá lè máa yà síbẹ̀ lóòrèkóòrè láti kọ́ ọ̀gá náà ní èdè adití díẹ̀, yóò ṣe wọ́n láǹfààní ju ẹ̀rọ ìránṣọ lọ.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá ẹni tó jẹ́ olórí níbẹ̀, ó sì gbọ́ mi dé òpin. Ó ní àwọn tó ń gbé owó kalẹ̀ fún wọn máa ń fẹ́ rí ẹ̀rọ tí wọ́n rà àti iye ènìyàn tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde; kò sí èyí tó fẹ́ san owó ọkọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń lọ láti iléeṣẹ́ kan dé òmíràn. Mo gbà á gbọ́. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri wọn kún fún iye àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọọdún, kò sì sí iye àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù 6 tàbí lẹ́yìn ọdún kan, bẹ́ẹ̀ ni kò sí iye owó oṣù tí wọ́n ń gbà. Bí ó bá jẹ́ iye ìwé ẹ̀rí ni olówó ń béèrè, ìwé ẹ̀rí ni wọn yóò máa tẹ̀. Àwọn olówó gan-an ló yẹ kí wọ́n yí ìbéèrè wọn padà, ìjọba pẹ̀lú wọn.

Òfin tí wọ́n lè gbé dání lọ sọ́dọ̀ àwọn agbanisíṣẹ́ wà, èmi kò sì rí ẹni tó ń lò ó níbẹ̀. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá ẹ̀dá lọ́dún 2007, ó sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 2010; abala 27 rẹ̀ dá lórí iṣẹ́. Èkó ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 2011, nígbà ìjọba Babátúndé Fáṣọlá, òun ló sì bí LASODA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àkàndá ẹ̀dá. Òfin àpapọ̀ ti ọdún 2019 sọ pé ẹ̀tọ́ àkàndá ẹ̀dá sí iṣẹ́ kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, ó sì ní kí àwọn iléeṣẹ́ ìjọba, bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó, rí i pé ó kéré tán ènìyàn 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ wọn jẹ́ àkàndá ẹ̀dá. Gbólóhùn “bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó” yẹn ló ń dùn mí, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ yóò fi bojú. Ìpín 5 náà kò sì kan àwọn aládàáni tó ni iléeṣẹ́ Odogunyan. Ní Jámánì, iléeṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìbáà jẹ́ ti ìjọba tàbí ti aládàáni, gbọ́dọ̀ fi ipò 5 nínú 100 sílẹ̀ fún àwọn tí àléébù ara wọn pọ̀. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀ yóò san owó lórí ipò kọ̀ọ̀kan tí kò fún wọn, owó náà ni wọ́n sì fi ń ran àwọn àkàndá ẹ̀dá lọ́wọ́ níbi iṣẹ́. Irú owó bẹ́ẹ̀ ni ì bá máa san owó ọkọ̀ òṣìṣẹ́ tí olórí ilé náà ń sọ.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú. Obìnrin kan tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ máa ń wá láti Ìjẹ̀dẹ́. Owó ènìyàn méjì ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí kẹ̀kẹ́ náà, nígbà tí owó sì tán, kò wá mọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Access to Work láti ọdún 1994, tó ń fi owó ìjọba ṣèrànwọ́ lórí owó ọkọ̀ ẹni tí kò lè wọ ọkọ̀ èrò àti lórí owó ògbufọ̀ adití níbi iṣẹ́. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìkòròdú lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ kan ṣoṣo tí yóò máa ná Ìjẹ̀dẹ́, Ìgbógbó àti Odogunyan láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Afọ́jú tó bá fẹ́ mọ kọ̀ǹpútà, kí ó lọ síbẹ̀ láìfòyà, nítorí pé kò ní rí olùkọ́ tó dára ju èyí lọ nítòsí. Adití tí iṣẹ́ aṣọ wù, kí òun náà lọ. Ẹni tí iṣẹ́ mìíràn bá wù, kí ó sọ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹni tó sìn ín lọ má sì bá a dáhùn. Kí gbogbo wọn tó forúkọ sílẹ̀, kí wọ́n béèrè iléeṣẹ́ tí ilé náà yóò mú wọn lọ bá, ẹni tí yóò bá wọn débẹ̀, àti iye oṣù tí yóò fi máa tẹ̀lé wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá wọṣẹ́. Kí wọ́n sì rí i pé a kọ ìdáhùn náà sórí ìwé ìforúkọsílẹ̀ wọn.