Àpótí sípíkà gìtá mi tuntun: páìnì dípò MDF

Káfíńtà àdúgbò wa ló bá mi kan àpótí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Sípíkà kan ṣoṣo, íǹṣì 12, ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Páìnì ni gbogbo ara rẹ̀, a tú u lára àwọn pálẹ́ẹ̀tì tí ẹrù òkè òkun ń bá wọ̀lú. Èyí tí mò ń lò tẹ́lẹ̀, MDF ni, ìyẹn pátákó tí wọ́n fi fọ́nrán igi lílọ̀ àti àtè tẹ̀ pọ̀; mo rà á lọ́jà. Sípíkà kan náà, Celestion Vintage 30, ni mo ń tú síhìn-ín tú sọ́hùn-ún láti fi wọ́n wé ara wọn. N kò yí gìtá padà, n kò sì fọwọ́ kan bọ́tìnì ańpílífáyà.

Ẹ kọ́kọ́ fi ìka kan ara wọn. MDF á dún “gbì,” ó parí. Páìnì á dún “kóó,” yóò sì fà díẹ̀ kó tó lọ. Bí gìtá bá ń dún náà nìyẹn. Tí mo bá ń ta jùjú, tí mo gun òkè ọrùn gìtá lọ, tí mò ń já okùn lọ́kọ̀ọ̀kan, MDF ń gbé e jáde ṣáká, àmọ́ ó gbẹ. Páìnì máa ń fi ẹran sí i lára. Okùn tó nípọn jù lọ sì tún ń kùn nínú igi lẹ́yìn tí mo bá ti gbọ́wọ́ kúrò. Ìkùn yẹn dùn mọ́ mi. Ẹni tó ń gba orin sílẹ̀ ní sítúdíò lè ní kí wọ́n gbé e lọ.

Igi náà ló ń gbọ̀n. MDF wúwo, ó sì ń pa ìgbọ̀nrìrì mọ́ra. Páìnì fúyẹ́, ó ń gbà lára agbára sípíkà, ó sì ń fi sọ̀rọ̀ tirẹ̀, pàápàá pátákó iwájú tí a de sípíkà mọ́. Ilé iṣẹ́ Fender, tó ń ṣe gìtá àti ańpílífáyà, ti ń fi páìnì ṣe àpótí ańpílífáyà láwọn ọdún 1950, pẹ̀lú pátákó iwájú tó tín-ín-rín. Pílíwùdù birch, igi òkè òkun kan, ni a mọ̀ mọ́ àpótí onísípíkà mẹ́rin ti ilé iṣẹ́ ańpílífáyà Marshall ní tiwọn: ó le, kì í fi bẹ́ẹ̀ dá sọ́rọ̀ bí ańpílífáyà 100 watts bá ń pariwo.

Àmọ́ o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé igi ló ni gbogbo rẹ̀. Mo fi pátákó dí ẹ̀yìn àpótí páìnì yìí pa, ìyàtọ̀ tó mú wá ju ti igi lọ fíìfíì: ìró ìsàlẹ̀ rọ́ wọlé, ohùn sì dojú kọ iwájú nìkan.

Ti ìwúwo ni mo fẹ́ràn jù. Kúbíìkì mítà MDF kan máa ń tó kìlógíráàmù 700 sí 750; páìnì ń ṣe bí 500. Ọwọ́ kan ni mo fi ń gbé e wọ márúwá. Bí omi bá sì kan MDF, á wú bíi búrẹ́dì, kò sì ní padà mọ́.

Páìnì náà ní wàhálà tirẹ̀. Pálẹ́ẹ̀tì kún fún kókó, ẹ ní láti ṣà á. Pátákó rẹ̀ kò fẹ̀, àtè ni a fi so wọ́n pọ̀, ojú ìsopọ̀ kan sì lanu díẹ̀ nígbà ọyẹ́. Káfíńtà ti kọ́kọ́ ní ká lo afárá. Kò sọ̀sọkúsọ: igi yẹn náà ni ilé iṣẹ́ gìtá Gibson ń pè ní korina nígbà tí wọ́n fi ṣe gìtá Flying V àti Explorer lọ́dún 1958. Afárá ni màá fi kan èyí tó bá tún kàn.

Ẹni tó ń ta gìtá báàsì kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé mi. Pílíwùdù birch mílímítà 18 ni kí ẹ ra, kí káfíńtà fi igi dábùú inú rẹ̀, kó sì dí ẹ̀yìn rẹ̀ pa.